Ìrẹ̀lẹ̀ àti Ìrẹ̀sílẹ̀: Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ìjọ Odò Ọya, 1864–1891

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó súnmọ́ ara wọn débi pé etí tí kò bá fara balẹ̀ lè gbọ́ wọn ní ọ̀kan: ‘ìrẹ̀lẹ̀’ àti ‘ìrẹ̀sílẹ̀’. Orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe ‘rẹ̀’, tí ohùn rẹ̀ ń kúrò ní ìsàlẹ̀ bọ́ sí àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ fún un, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú ‘rẹ ara ẹni sílẹ̀’. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn pín níbẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ jẹ́ ìwà. Inú ẹni tí ó ni ín ni ó ti ń wá, ẹlòmíràn kò sì lè bá a hù ú. Ìrẹ̀sílẹ̀ ní ojú méjì: ènìyàn lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbéraga tí ó jẹ́ òdì-kejì wọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ara ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ, ó sì ti di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀: gbé, ara, ga. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn gbéraga; olúkúlùkù ni ó ń gbé tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bí ìtẹríba àti ìforíbalẹ̀ wà ní àyíká wọn, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ fún àgbà tàbí fún aláṣẹ ni ìwọ̀nyí ń sọ, wọn kò sì fi dandan sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó tẹrí ba.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ́pọ̀ nínú Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ ìtumọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe olórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884. Kò pé ọdún méje lẹ́yìn náà tí ìgbésí ayé Crowther fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn hàn ju bí ìwé atúmọ̀-èdè èyíkéyìí ti lè fi í hàn lọ. Ìjọ tí ó kọ́ ọ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, orúkọ ìwà mímọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ kò ṣàjèjì, kò sì yẹ kí ó pẹ́ lẹ́nu. Ọ̀ṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Àjàyí tí a sọ ọ́ jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wá sáyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àmì yóò rí àmì níbẹ̀. Ogun kó o ní 1821, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà lójú omi, tí ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, tí ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1843 a fi í joyè díákónì àti àlùfáà ní London. Ní 1846 ó rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè dúró lé lórí nínú gbogbo èyí ni irú ìrẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà kún ìrẹ̀lẹ̀. Yorùbá tí Àjàyí gbé kúrò nílé jẹ́ Yorùbá ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá. Ní Freetown, ó bá ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà pàdé, ẹ̀ka-èdè olúkúlùkù lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí àgbà Ọ̀ṣogùn tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà bí ahọ́n rẹ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta, kò fi ìwé náà ṣe odi mọ́ ara rẹ̀ yíká. Ó ń lọ jókòó ti àwọn àgbààgbà, ó ń gbọ́ òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lẹ́nu wọn, títí kan àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn lòdì sí tirẹ̀. Ìwé kejì tí ó jáde ní 1852, tí O. E. Vidal kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí, kún fún òwe ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ti ka ìwé ní London, tí ó sì ti rí Ọbabìnrin Victoria lójúkojú ní 1851, ṣì ń lọ bá ìyá àgbà nínú ìyẹ̀wù láti bi í ní ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí. Bákan náà ni ó ṣe lórí èdè àwọn ẹlòmíràn: gírámà àti ọ̀rọ̀ Núpé jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní 1864, ọ̀rọ̀ Ígbò ní 1882. Nígbà tí wọ́n sì pe ìpàdé ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá, òun ni ó ṣe alága. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbéraga sí elédè kò lè kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ọ̀rọ̀ oyè bíṣọ́ọ̀bù ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní London, ní èrò kan tí ó ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ òyìnbó ayé rẹ̀: pé iṣẹ́ ajíhìnrere òyìnbó ni láti dá ìjọ sílẹ̀, kí ó fi í lé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì kọjá lọ sí ibòmíràn. Ìjọ tí ń bọ́ ara rẹ̀, tí ń darí ara rẹ̀, tí ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀ ni ó fẹ́. Láti ìgbà tí Crowther ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1851 ni ọ̀rọ̀ ti ń jà rànyìn pé ó ṣeé ṣe kí ó di bíṣọ́ọ̀bù, kíá sì ni Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kọ̀wé láti takò ó. Townsend kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn àwọn Ẹ̀gbá, òun náà ni ó sì dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ni kò ní fún bíṣọ́ọ̀bù dúdú ní ọ̀wọ̀ tí ó yẹ oyè náà, nítorí pé òyìnbó ni wọ́n ti mọ̀ mọ ọlá. Ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí ìgbéraga ń gbà sọ̀rọ̀ nìyẹn: kì í sọ pé èmi ni n kò fẹ́, ẹnu àwọn mìíràn ni ó ń fi ọ̀rọ̀ sí.

Crowther fúnra rẹ̀ kò fẹ́ oyè náà. Ó mọ àwọn tí òun ń bá ṣiṣẹ́, ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí tí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní kàtídírà Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ààlà tí wọ́n fún un yóò rí i pé nǹkan kò dọ́gba. Wọ́n ní kí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ ìjọba Ọbabìnrin. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò sí lábẹ́ ìjọba náà, síbẹ̀ wọn kò fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ́. Ọkùnrin tí ó kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù fún gbogbo ènìyàn àyàfi àwọn Yorùbá, ó ń gbé ní Èkó níbi tí kò ti ní àṣẹ, ó sì ń lọ ṣe ìṣàkóso ní Odò Ọya. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ó bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí.

Odò Ọya kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ ti rọrùn. Láti Bonny àti Brass ní etí òkun títí dé Onitsha àti Lọ́kọ́jà, ìlú kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀ àti ọba tirẹ̀. Àwọn ọmọ Sàró ni wọ́n pọ̀ jù lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, owó oṣù wọn kéré, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èdè ibi tí a rán wọn lọ. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni bíṣọ́ọ̀bù ń wọ̀, ìgbà tí oníṣòwò bá sì ń lọ ni òun náà lè lọ. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ náà pé wọ́n ń ṣòwò, pé àwọn kan ń mutí, pé àwọn kan ń ṣe àgbèrè. Òtítọ́ wà nínú díẹ̀ lára ẹ̀sùn wọ̀nyí. Ìwà ìkà kan wà tí wọ́n hù sí ẹrúbìnrin kan ní Onitsha títí ó fi kú, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì dé kóòtù ní Freetown ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Kò sí bí a ṣe lè fi ìyẹn pamọ́ nítorí ìfẹ́ Crowther. Bíṣọ́ọ̀bù náà ní ojú àánú. Ó máa ń fún ẹni tí ó ṣubú ní àkókò láti dìde, ó sì máa ń gbọ́ tẹnu ẹni kí ó tó dá a lẹ́jọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ti yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Venn kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1873. Àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ kò gba èrò rẹ̀. Ní 1878 ni ẹgbẹ́ náà fi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí Odò Ọya, wọ́n sọ ọ́ ní Henry Venn. Ṣùgbọ́n òyìnbó oníṣẹ́ ọwọ́, J. H. Ashcroft, ni wọ́n fi ọkọ̀ náà àti ọ̀rọ̀ ìnáwó lé lọ́wọ́, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Orúkọ Venn wà lára ọkọ̀, iṣẹ́ Venn ni ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ní ìwé àṣẹ lórí odò náà. Ayé ti yí padà. Ilẹ̀ Áfíríkà ti di ohun tí wọ́n ń pín.

Ní àkókò náà ni àwọn ọ̀dọ́ méjì kan dé. Graham Wilmot Brooke kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. John Alfred Robinson tí ó jáde ní Yunifásítì Cambridge kò jù ú lọ púpọ̀. Inú ìtara kan tí ó ń jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni wọ́n ti jáde, ìtara àpéjọ Keswick tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1875, tí ó ń kọ́ni pé kí onígbàgbọ́ kú sí ara rẹ̀ pátápátá, kí ó má ṣe fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìfẹ́ wọn ni láti wàásù fún àwọn Mùsùlùmí ìhà òkè odò. Lọ́kọ́jà ni wọ́n fi ṣe ibùdó ní 1890, ẹ̀ka C.M.S. tí wọ́n ń darí sì dúró yàtọ̀.

Ìgbésí ayé wọn ní Lọ́kọ́jà yẹ ní àpèjúwe, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó, wọ́n wọ ẹ̀wù Háúsá. Wọ́n ń gbé inú ilé bí ti àwọn ará ìlú, wọ́n ń jẹ oúnjẹ wọn. Wọ́n kéde pé àwọn kò fẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti pé bí wọ́n bá pa àwọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ̀san. Wọ́n ń kọ́ èdè Háúsá tọkàntara. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, kò sí òyìnbó tí ó tíì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Odò Ọya. Wọ́n yẹ ní ìyìn fún un, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n rí nípa ìjọ àti ìjọba sì jinlẹ̀ ju ti àwọn àgbà wọn lọ.

Ṣùgbọ́n láti inú ẹ̀wù Háúsá yẹn ni wọ́n ti jókòó ṣe ìdájọ́. Wọ́n wo àwọn ọmọ Sàró tí ó wọ kóòtù àti fìlà òyìnbó, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́ ilé onípákó, wọ́n sì pe gbogbo rẹ̀ ní ìgbéraga. Wọn kò béèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bọ́ síhòòhò nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n wá fún ní aṣọ ní Freetown gẹ́gẹ́ bí àmì pé ó ti di ènìyàn padà, kò wọ aṣọ náà láti fi ṣe fáàrí. Ìtàn ìdáǹdè rẹ̀ ni ó wọ̀. Òyìnbó lè bọ́ kóòtù sílẹ̀ lónìí, kí ó sì tún un wọ̀ lọ́la, kò sí ohun tí yóò já bọ́ lára rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Brooke àti Robinson ní aṣọ. Ọkùnrin tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ni ó ní àkísà. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sílé, wọ́n ní iṣẹ́ Odò Ọya ti bàjẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, àfi kí a wó o kí a tún un kọ́. Wọ́n sì kọ nípa bíṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni tí ń kọ nípa ìránṣẹ́ tí ó ti darúgbó jù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, Ìgbìmọ̀ Ìnáwó jókòó ní Onitsha. Crowther ni ó wà lórí àga alága. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. F. N. Eden ni akọ̀wé, Robinson àti Brooke sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn àlùfáà àti òṣìṣẹ́ dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ó kan Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ìjọ etí òkun. Eden kéde lójú bàbá rẹ̀ pé òun dá a dúró.

Nínú ìlànà ìjọ wọn, bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó ní àṣẹ láti dá àlùfáà dúró. Crowther kò pariwo. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ó ya òun lẹ́nu láti gbọ́ pé akọ̀wé ní agbára láti dá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ó sọ ní gbólóhùn nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí àgbà Yorùbá ṣe ń bínú yóò dá irú ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Kò pè wọ́n ní ọmọdé, kò sì ka iṣẹ́ àádọ́ta ọdún sí wọn létí. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ayé rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ mọ̀ pé ìwé yóò pẹ́ ju àwọn tí ó wà nínú yàrá náà lọ.

Àwọn kan ti ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí àìlera. Ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó gbà bẹ́ẹ̀. Kò kúrò nínú ìjọ, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yí sí àwọn ọmọ ìjọ ní Bonny àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n lówó lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti bínú gidigidi lórí ọ̀rọ̀ Dandeson. Ó fi ọwọ́ sí ètò pé kí ìjọ etí òkun máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì kúrò lábẹ́ àṣẹ C.M.S. láìkúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Èrò Venn ni, tí àwọn arọ́pò Venn ti kọ̀ sílẹ̀. Ní Èkó, ara àwọn ènìyàn kò gbà á. James Johnson, tí òun náà jẹ́ ọmọ Sàró, sọ̀rọ̀ kíkankíkan lórí ìwà àbùkù tí wọ́n hù sí bíṣọ́ọ̀bù. Edward Blyden wá sí Èkó ní òpin ọdún 1890, ó ń gbà wọ́n níyànjú láti dá ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891 ni United Native African Church bẹ̀rẹ̀. Crowther kò bá wọn lọ. Ní ọdún kan náà ni àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kọlù ú, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní 1892 Dandeson kéde òmìnira ìjọ etí òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Niger Delta Pastorate.

Àwọn olùdájọ́ rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Robinson kú ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 1891, ṣáájú Crowther; Brooke kú níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1892. Kò sí ìdí láti fi èyí ṣe ẹ̀san. Ibà ni ó ń pa òyìnbó nígbà náà, ó sì pa ẹni rere àti ẹni búburú. Ní ìrántí Robinson ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Háúsá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1891, àbúrò rẹ̀, Charles Henry Robinson, sì wá ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Háúsá tí àwọn onímọ̀ ṣì mọ̀ dáadáa. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, ọmọ kan náà ni Robinson àti Crowther. Ó ṣòro láti mọ ìdí tí ẹni tí ó lè jókòó kọ́ èdè lẹ́sẹ̀ Háúsá kò fi lè jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún 50 ọdún.

Oyè bíṣọ́ọ̀bù náà bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Ní 1893 ni Joseph Sidney Hill gorí oyè, wọ́n sì fi Charles Phillips àti Isaac Olúwọlé ṣe igbákejì fún un, ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá lè jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù níwọ̀n ìgbà tí ẹlòmíràn bá wà lókè orí rẹ̀. Hill kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894; òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni ó gba ipò náà. Nígbà tí A. B. Akínyẹlé fi di bíṣọ́ọ̀bù dáyọ́sísì Ìbàdàn ní 1952, ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú Crowther. Ìbàdàn, ìlú tí wọn kò jẹ́ kí Crowther ṣe bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1864.

Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kí a wọn ìwà ọkùnrin náà. E. A. Ayandélé yan James Johnson, ó sì fi àkọlé ìwé rẹ̀, Holy Johnson, tí ó jáde ní 1970, pè é ní aṣáájú ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà. Johnson ni ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. J. F. Adé Àjàyí, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìjọ ajíhìnrere, èyí tí ó jáde ní 1965, parí sí ọdún tí Crowther kú, padà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé bíṣọ́ọ̀bù náà ní 2001, ó sì pè é ní olùfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dé góńgó. Ọ̀rọ̀ Ayandélé ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní ti pé ìjọ tí ó ti mọ̀ pé ẹnì kan kò ní jà máa ń fi ẹrù kún ẹrù rẹ̀. Láti 1851 dé 1890, gbogbo ìgbà tí Crowther gba ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ láìjiyàn ni ó jẹ́ kí èyí tí ó tẹ̀ lé e rọrùn fún wọn. Síbẹ̀, ẹ̀rí Onitsha ti Àjàyí lẹ́yìn. Ẹni tí ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rù nìkan ì bá ti jókòó ti ìgbìmọ̀ náà títí dé òpin, kí ó lè pa oyè mọ́. Ọkùnrin náà dìde. Ohun tí wọ́n kà sí ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí wọ́n sì gbára lé, ìtẹríba ni. Nígbà tí ìtẹríba parí ni ìrẹ̀lẹ̀ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn, kò sì rọ̀ bí wọ́n ti rò.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, ọjọ́ tí ó pé 150 ọdún géérégé tí Crowther joyè, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury kan náà. Justin Welby tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà ni ó wàásù, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìyà tí ojú Crowther rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Dandeson, tí wọ́n dá dúró lójú bàbá rẹ̀, ti kú láti 1938.